Mítà Tó Dúró ní Ọ̀nà Mẹ́kà

"Bàbá Ikhlas, mítà yìí ti dúró."

Ọ̀rọ̀ tí Jelilat, ìyàwó mi, sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó fẹ̀yìn ti àga ẹ̀gbẹ́ mi nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ wà ní pípadé. Níbi tó wà, bí ó tilẹ̀ lajú, kò lè rí mítà tó ń ka ibi tí ọkọ̀ rìn dé. Mo wò ó. Òótọ́ ni. Nọ́ńbà ti dúró gbọin, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tó ń fi eré hàn ṣì wà lókè. Nígbà tí mo gbójú kúrò níbẹ̀ láti dá a lóhùn, ó ti kú.

Ọ́múrà là ń lọ ṣe. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn, ó sì ń bẹ̀rù kí ẹ̀jẹ́ náà má kù sí i lọ́rùn. Ó ti dá àníyàn rẹ̀ nílé wa ní Jẹ́dà kí a tó gbéra, bí àwa ará Jẹ́dà ti ń ṣe. Ẹnubodè ńlá tí wọ́n kọ́ bí igi tí a ń gbé Àlùkùránì lé ti hàn níwájú wa. Kò dé ibẹ̀.

Mẹ́kà náà ni a sin ín sí. Lẹ́mọ́ọ̀mù ní Ọlọ́run mọ àníyàn rẹ̀, pé bí ọkàn mi kò bá balẹ̀, kí n bá a ṣe é. Mo ní n óò ṣe é. Àmọ́ ohun kan kò kúrò lọ́kàn mi: ṣé ó dé?

Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ ń rìn, mítà kò kà. Nígbà tí ìkámà, ìwé ìgbélùú mi, fẹ́ parí, mo pinnu láti ta ọkọ̀ náà, kí èmi àti Ikhlas, ọmọ wa, padà sí Ìwó. Àlí ará Yémẹ̀nì tó fẹ́ rà á ní òun kò ra ọkọ̀ tí òun kò mọ ibi tó rìn dé. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ikhlas, tí a bí síbí, kò fi Yorùbá dá mi lóhùn.

"Lā, yā bābá," ló wí. Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Kò fẹ́ kí n tà á.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá Gabriel ní àdúgbò Ammariyah ní Jẹ́dà. Ọmọ Iléṣà ni, onímọ̀ ẹ̀rọ, Kìrìstẹ́nì tó ń gbàdúrà rẹ̀ nínú ilé. Ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó gbé mítà sórí tábìlì ìjẹun. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ooru ilẹ̀ yìí a máa mú ike gbẹ. Eyín jíà kékeré inú rẹ̀ á kán, nọ́ńbà á dúró. Ó wá eyín tó kán títí.

"Àlàájì, ẹ wá wò ó." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kò sí èyí tó kán. Eyín tèmi gan-an kò pé tó eléyìí."

Síbẹ̀, ó fi jíà tó yọ lára ọkọ̀ àlòkù kan pààrọ̀ rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ yí i, nọ́ńbà ń yí. Ó dá a padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì tò ó padà.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ kejì, a jọ gbé ọkọ̀ jáde sí ọ̀nà Mẹ́kà láti dán an wò.

"Ẹ gbọ́, ó ń kà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi!" Gabriel ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé ibi tí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ti ń yà, ó ní kí n sọ òun kalẹ̀ nídìí ilé epo, níbi tí wọ́n ti ń ta tíì.

"Ibi tí tèmi mọ nìyí. Ẹ dán an wò dé ọ̀hún. Kí ẹ sì bá mi bu omi Sámúsámù bọ̀ o."

"Ìwọ Gabriel?"

"Òùngbẹ ló ń gbẹ mí, Àlàájì. Kì í ṣe pé mo gbà."

Èmi nìkan ló kù. Níbi tí Jelilat kú sí, mítà dúró.

N kò bínú. Ó kàn rẹ̀ mí. Mo wakọ̀ lọ sí Kudai, níbi tí à bá páàkì sí lọ́jọ́ náà, tí bọ́ọ̀sì ti ń kó èrò lọ sí Hárámù, mọ́sálásí ńlá. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo yọ kọ́kọ́rọ́.

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí yí.

Kò yí bí ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn. Ó ń yí bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láàárín èrò, díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́wọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó tutù, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà níta. Ó rìn pẹ́, ó wá dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń kírun rákà méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbọ́ ìró ẹni tó ń gbé omi mì.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń rìn, ó ń dúró díẹ̀, ó tún ń rìn. Ara mi mọ̀ ọ́n kí orí mi tó mọ̀ ọ́n: ó ti yí Káábà po tán, ó wá ń lọ láti Sọ́fà sí Máríwà, láti Máríwà sí Sọ́fà. Ní àárín òkè méjèèjì, níbi tí iná aláwọ̀ ewé wà, ọkùnrin a máa sáré díẹ̀. Obìnrin kì í sáré níbẹ̀. Mo ń retí pé nọ́ńbà yóò yára. Kò yára. Ó lọ, ó bọ̀, kò yára rárá.

"Jelilat," mo pè é jẹ́jẹ́.

Nọ́ńbà kò dúró nítorí mi.

Wọ́n ń pe ìrun Màgíríbì nígbà tó dúró pátápátá. Mo gbọ́ ìró sísọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi ni irun kékeré kan wà, kò gùn ju oríkèé ìka lọ, funfun tí pupa làálì wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ṣe ń gé irun rẹ̀ tó bá parí ọ́múrà.

Gabriel ṣì wà nídìí tíì nígbà tí mo padà.

"Mítà ńkọ́?"

"Ó ṣiṣẹ́."

Ó wo ojú mi, ó gbé ife tíì sílẹ̀, ó wọkọ̀.

N kò tíì pe Àlí. N kò tíì sọ ohun tí mo rí fún Ikhlas. N kò tíì mọ ibi tí n óò sin irun náà sí, kò sì tíì kúrò nínú àpò mi. N kò tíì ṣe ọ́múrà tí mo ní n óò bá a ṣe.