Àpò Tí Mo Kàn Mọ́ Fèrèsé

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Owú ni mo jẹ o, n kò ní parọ́. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Tèmi ju ti ẹran lọ. Owú fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ọdún 1958 ni, ní Ọ̀fà níbí. Ràímì ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó ti fẹ́ Sherifat, ọmọ Ìjàgbò, lé èmi Asiata. Bí mo bá dáná fún ọkọ wa lọ́jọ́ méjì, Sherifat a gbà á lọ́jọ́ méjì. Abẹ́ àtíbàbà kan náà lẹ́yìnkùlé ni àwa méjèèjì ti ń dáná.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ wa jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí Sherifat tán, ó lá ọwọ́, ó ní, "Ọbẹ̀ yìí mà dà bíi ti Asiata. Ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn jù ú lọ."

Háà! Dùn ju tèmi kẹ̀? Ta ló kọ́ ọ? Ṣebí ẹ̀gbẹ́ iná mi ló máa ń jókòó sí, tí á máa wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń lọ ẹja gbígbẹ tí ọkọ wa ń rà bọ̀ láti Jẹ́bà mọ́ ẹ̀gúsí! Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àdògán eédú mi wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Fèrèsé kan ṣoṣo tí mo ní, ẹ̀yìnkùlé ló kọjú sí, ni mo bá fi ìṣó kan àpò ẹ̀pà mọ́ ọn.

"Kó wá wò ó nísinsìnyí," ni mo wí.

Kò pé oṣù méjì tí Safiyat, ọmọ mi ọlọ́dún méjì, fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ojú rẹ̀ ń pọ́n, ó ń rù. Kamaldeen ọmọ Sherifat ní tirẹ̀ ń sanra, ó ń sáré kiri. Bí mo bá ti rí ọmọ náà, àyà mi a máa ta mí.

Mo sọ fún ọkọ mi pé, "Obìnrin yìí ló ń ṣe ọmọ mi."

Ọ̀gbẹ́ni Awókọ̀yà, wolé-wolé àdúgbò wa, wá yẹ yàrá mi wò. Ó ní, "Ìyá Safiyat, ẹ yọ àpò yìí. Ilé tí atẹ́gùn ò wọ̀, ilé àìsàn ni."

Mo yọ ọ́ lójú rẹ̀. Bó ṣe kẹ̀yìn sí mi báyìí, mo kàn án padà. Ta ló tiẹ̀ pè é?

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án. Mo tún fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí òórùn ọbẹ̀ má baà jáde. Safiyat sùn lórí ẹní. Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, òòyì ń kọ́ mi, èébì ń gbé mi. Mo ní kí n dìde, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo pe Safiyat, kò dáhùn. Mo mì ín, ọrùn rẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́ mi.

"Yéè! Ẹ gbà mí o!"

Sherifat ló fi èjìká já ilẹ̀kùn. Ó gbé Safiyat, ó sáré jáde.

"Gbé ọmọ mi sílẹ̀! Àjẹ́!" Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń pariwo.

Ó tẹ́ ọmọ sábẹ́ àtíbàbà, ó padà wá, ó wọ́ èmi náà jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyáálé mi, ẹ mí dáadáa."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Safiyat tó wúkọ́, tó sì ké. Igbe ọmọ kò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Sherifat ló pọ̀n ọ́n lọ gba ìtọ́jú ní díspẹ́ńsárì nínú òjò.

Wolé-wolé dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó tọ́ka sí àdògán. "Ẹni tó ń ṣe ọmọ yín nìyí. Eédú tó ń jó nínú yàrá tó dí máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde. Ojú ò rí i, imú ò gbóòórùn rẹ̀. Bí oorun ló ṣe ń gbé èèyàn lọ. Èéfín ojoojúmọ́ ló sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ jẹ́, tó fi ń wúkọ́."

"Kí ló dé tí kò ṣe Kamaldeen?"

"Ìta ni ìyá tirẹ̀ ti ń dáná. Ó sì máa ń ṣí fèrèsé."

Mo kọjú sí Sherifat. "Ṣé ìwọ lo pè wọ́n wá nígbà àkọ́kọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Èmi ni, ìyáálé mi. Ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, mi ò sì lè máa gbọ́ ikọ́ ọmọ náà."

Mo dìde, mo fa àpò náà ya pẹ̀lú ìṣó rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má dáná eédú tàbí igi nínú yàrá tó dí, ìbáà jẹ́ nígbà òjò, ìbáà jẹ́ nígbà ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé, kó máa jáde. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín nídìí iná, ẹ má wá àjẹ́ kiri. Ẹ gbé ọmọ jáde síta ná, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Bí wolé-wolé bá sì sọ̀rọ̀, ẹ má dọ́gbọ́n sí i.

Owú ò tíì tán nínú mi o. Ọkọ wa ṣì ń yin ọbẹ̀ Sherifat, ó sì ń dùn mí. Kó máa yìn ín. Ọmọ mi ń mí.