Sùtánà Lórí Bisikíìtì

Òjò wínníwínní ń rọ̀ sí ọjà East Street ní Barking nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkùnrin gíga kan sì dúró níwájú àtẹ ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Aṣọ funfun gbọọrọ ló wọ̀ dé kókósẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló fi tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀sẹ̀ Hálówíìn ni, àjọ̀dún tí àwọn ọmọdé ti ń múra bí iwin. Àwọn ọmọdé kan ń pariwo pé iwin dé. Ó tẹrí ba fún wọn bí ìjòyè, ó ń bá ọjà rẹ̀ rírà lọ.

Tiwaladé, tó wá ra bọ́tà àti ṣúgà, rẹ́rìn-ín títí tí "yéè" fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó bi ọkùnrin náà lédè Gẹ̀ẹ́sì níbi tó ti ra irú aṣọ eré bẹ́ẹ̀.

"Ìyá mi ló rán an," ni ọkùnrin náà fi Yorùbá dá a lóhùn. "Sùtánà ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń bọ̀."

Ilẹ̀ ì bá lanu, Tiwaladé ì bá wọlé. Ọkùnrin náà já ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún un, èjí rẹ̀ hàn, irùngbọ̀n kékeré àgbọ̀n rẹ̀ ń kán omi òjò. "Ẹ jẹ èyí, kí ìtìjú lè lọ."

Oyèbánjí ni orúkọ rẹ̀, akọrin nínú ìjọ Aládùúrà, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ agbéniròkè ṣe lọ́jọ́ iṣẹ́. Bisikíìtì aláràbarà ni Tiwaladé ń yan tà nínú ilé rẹ̀ lágbègbè Abbey. Láti ọjọ́ náà ni Oyèbánjí ti ń bá a ru àpò ìyẹ̀fun. Ó ń pè é ní Aláṣúgà mi, Tiwaladé náà ń pè é ní Bàbá Onírùngbọ̀n. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa kọjá, àwọn méjèèjì ti mọ ibi tí Olúwa ń darí wọn sí.

Ó ku ìyá Oyèbánjí. Oyèbánjí nìkan ló kù fún obìnrin náà láyé, kò sì ní gbé ìyàwó tí ìyá yìí kò bá súre fún. Màmá ní òun á wá fojú ara òun rí ọmọbìnrin náà, lọ́jọ́ tó bá wu òun.

Hálówíìn tún dé. Michelle, aládùúgbò Tiwaladé, ní kó bá òun ṣe bisikíìtì fún àríyá ọmọ òun: àdán, aláǹtakùn, elégédé àti iwin. Tiwaladé gbàdúrà lé iṣẹ́ náà kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ó mọ̀ pé ìyẹ̀fun kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́. Àmọ́ nígbà tó dé orí àwọn iwin, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀, ọwọ́ sì tẹ̀lé ọkàn. Iwin ṣúgà funfun kọ̀ọ̀kan gba ẹsẹ̀ lásán, èjí, àti irùngbọ̀n bíńtín. Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn lọ́wọ́ nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún.

Màmá ni. Tiwaladé kúnlẹ̀, Màmá sì kí i dáadáa, ó wọ ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí súre fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lójijì ni ìsúre náà dá lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni ìwọ̀nyí?"

"Iwin ni, Mà. Àwọn ọmọdé ló ni wọ́n."

Màmá gbé ọ̀kan, ó wo irùngbọ̀n náà pẹ́. "Ọmọ mi nìyí. Mẹ́ta ni mo bí. Méjì ni mo ti fi aṣọ funfun wé. Ẹ̀kẹta lo wá sọ di òkú sínú àwo, kí ọmọ ọlọ́mọ fi eyín gé e jẹ?"

Ẹkún gba ẹnu Tiwaladé. Ó bẹ̀bẹ̀ pé ìfẹ́ ló tì òun, pé ojú Oyèbánjí nìkan lọwọ́ òun mọ̀ ọ́n yà. Màmá ti gbé báàgì rẹ̀. Tiwaladé mọ̀ pé bí obìnrin yìí bá jáde báyìí, Oyèbánjí ti lọ nìyẹn. Ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí fá ṣúgà náà kúrò. Irùngbọ̀n àkọ́kọ́ re bọ́. Ó kan ẹnu.

"Dúró!" Màmá ti yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. "Má fi ọ̀bẹ fá ojú ọmọ mi."

Tiwaladé ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Kí wá ni ṣíṣe? Kò ṣeé jẹ bẹ́ẹ̀, kò ṣeé fá, ta ló sì máa da Oyèbánjí sí ààtàn? Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ àwo náà, àfi bí ẹ̀rín ṣe kọ́kọ́ pa Màmá láìrò tẹ́lẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, o kó mi sí wàhálà. Ṣé o ní ṣúgà aláwọ̀ mìíràn?"

"Mo ní búlúù, Mà, àti àwọ̀ ewé."

"Wọ̀ wọ́n láṣọ alààyè, ó jàre. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wọ bàtà."

Màmá ká apá aṣọ sókè, ó jókòó, ó ń nàka síbi tí iṣẹ́ ọnà agbádá kọ̀ọ̀kan yẹ kó wà. Ó bi Tiwaladé léèrè bàbá rẹ̀ àti ìjọ tó ń lọ. Nígbà tó yá, ó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó ti lọ, Tiwaladé sì rọra pe àwọn orúkọ náà tẹ̀ lé e.

Oyèbánjí ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà lọ́wọ́, ó rí ara rẹ̀ lọ súà lórí bisikíìtì nínú agbádá. Ó bi wọ́n pé ta ló ń gbéyàwó.

"Ìwọ ni mo fẹ́ bi," ni Màmá wí. "Gbogbo wọn ló múra bí ọkọ ìyàwó, n kò sì rí ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kankan."

Àwàdà kúrò lójú Oyèbánjí. "Tiwaladé mi, ṣé wàá fẹ́ mi? Bí o bá gbà, a ó lọ rí bàbá rẹ lọ́jọ́ Àìkú."

Tiwaladé fa bisikíìtì kan tí kò tíì ní nǹkan lórí mọ́ra, ó fi ṣúgà ya obìnrin kan sí i, ó wé gèlè fún un títí gèlè náà fi kan etí bisikíìtì. Lẹ́yìn náà ló gbé e ti èyí tó ga jù nínú àwọn ọkùnrin náà.

Màmá wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa.

"Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n dín gèlè yẹn kù díẹ̀, ìyàwó wa, kí àwọn tó bá jókòó lẹ́yìn yín lè rí pẹpẹ."