Ẹ̀yìn Morọ́láyọ̀ àti Ọjọ́ Mẹ́ta Tó Ṣòfò

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 1995, Oyèwálé ń so táì mọ́rùn níwájú dígí nínú yàrá wọn ní Fort Washington, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ń wo aago. Bí kò bá kúrò nílé kó tó di aago mẹ́fà ààbọ̀, ọkọ̀ á ti tò bẹẹrẹ lójú ọ̀nà títí dé Washington, ọ̀gá rẹ̀ á sì tún máa wò ó láti òkè délẹ̀. Morọ́láyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ti wọ yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́, ṣùgbọ́n etí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, kò dìde.

"Dádì Níkẹ́," ó ní, "nǹkan kan ń ṣe mí o. Ibi tí mo fi jókòó yìí, mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ó kú tipiri, bí ìgbà tí dókítà eyín bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ kó tó yọ eyín. Láti àná ló sì ti ń ṣe mí bíi kí n tọ̀, tí mo bá dé tọ́lẹ́ẹ̀tì, kò ní wá."

"Ẹ̀yìn náà ni," Oyèwálé dáhùn. Kò yíjú kúrò lára dígí.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ẹ̀yìn ti ń yọ Morọ́láyọ̀ lẹ́nu. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Lanham ló ti ń ṣiṣẹ́. Baba àgbàlagbà kan fẹ́ ṣubú mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú balùwẹ̀, ó dì í mú, nǹkan sì já pàà ní ìbàdí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìrora ti ń ta á láti ìbàdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún. Dókítà tó yàwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé ohun rírọ̀ kan wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa gbo ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ohun rírọ̀ náà ló ti bẹ́, tó yọ síta, tó sì tẹ iṣan. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbádùn láìfara kan abẹ. Bí ìrora náà kò bá sì lọ, iṣẹ́ abẹ wà. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un pé bí ojú ara rẹ̀ bá kú, tí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, kó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Oyèwálé ló pa ẹnu ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ dé. Olúsọjí, tí wọ́n jọ ń darí èrò sí àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti sọ fún un pé ọmọ Ìbàdàn kan wà ní Seat Pleasant, Moshood lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n la ẹ̀yìn rẹ̀, tí kò sì lè dìde rìn mọ́ láti ìgbà náà. Oyèwálé wá búra pé kò sí ẹni tó máa fi ọ̀bẹ kan ẹ̀yìn ìyàwó òun.

"Ṣùgbọ́n dókítà yẹn sọ pé tó bá ti di báyìí..." Morọ́láyọ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Dókítà ń wá ẹni tó máa là. Mu omi dáadáa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ á gbàdúrà fún ẹ."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Morọ́láyọ̀ náà dìde, ó lọ síbi iṣẹ́. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wẹ̀ fún lọ́jọ́ náà, tó wọ aṣọ fún, tó gbé jókòó.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó pe ọkọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì. "Jẹ́ kí n dé ná," ni Oyèwálé wí. Nígbà tó dé, ó bá a lójú oorun, inú rẹ̀ sì dùn pé ara ti ń tù ú.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni Níkẹ́, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kígbe pe bàbá rẹ̀ wá sí ilé ìdáná. Morọ́láyọ̀ dúró níwájú síńkì, ó ń fọ àwo. Ìtọ̀ ń ṣàn gba itan rẹ̀ sílẹ̀, ó ti di adágún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀. Ojú ọmọ rẹ̀ ló wò kó tó wolẹ̀.

Oyèwálé gbé e lọ sí ìmójẹ́nsì ní ilé ìwòsàn. Wọ́n tì í sínú ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, lẹ́yìn náà dókítà oníṣẹ́ abẹ wọlé tọ̀ wọ́n wá, obìnrin aláwọ̀ funfun kan tó ń jẹ́ Stephanie Whitfield.

"Ìgbà wo ni ibẹ̀ ti kú?" ó bi wọ́n.

"Ọjọ́bọ̀," ni Morọ́láyọ̀ fèsì. Oyèwálé ń wo bàtà ara rẹ̀.

Dókítà náà fa àga mọ́ra, ó jókòó. Ó ní okùn iṣan kan gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá, tó bá dé ìsàlẹ̀ á wá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ìrù ẹṣin. Àwọn fọ́nrán yẹn ló ń darí ìtọ̀, ìgbẹ́, ẹsẹ̀, àti ìmọ̀lára ojú ara. Ohun tó bẹ́ lẹ́yìn Morọ́láyọ̀ ti fún gbogbo wọn pa pọ̀.

"Bí ẹ bá ti wá lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀," ó ní, "ìrètí ì bá pọ̀. A óò ṣe iṣẹ́ abẹ náà báyìí-báyìí, kó má baà burú sí i. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Iṣẹ́ abẹ lè gbé ohun tó tẹ iṣan kúrò. Kò lè jí iṣan tó ti kú."

"Ṣé kò ní rọ ọ́ lẹ́sẹ̀?" Oyèwálé béèrè.

"Ẹ̀jẹ̀ lè dà, kòkòrò lè wọ ojú ọgbẹ́, iṣan lè fara pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rọ báyìí, sà. A ò tíì fọwọ́ kàn án."

Morọ́láyọ̀ gba bírò, ó fọwọ́ sí ìwé náà fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ gba wákàtí méjì ààbọ̀. Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, Sẹ̀kínát, wá kọ́ ọ bó ṣe máa dìde.

"Àǹtí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má lọ́ ìbàdí, ẹ má gbé ẹrù. Ẹ yí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà bí ìtì igi, ẹ sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wá fi ọwọ́ ti ara yín dìde. Ohun tó bá ti wúwo ju gálọ́ọ̀nù mílíìkì kan lọ, ẹ má dá a láṣà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹ máa rìn o! Díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ẹ̀jẹ̀ lè dì í lẹ́sẹ̀."

"Tí ojú ọgbẹ́ bá ń dùn mí ńkọ́?"

"Á dùn yín. Ẹ lo oògùn yín. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná, tí ọgbẹ́ ń ṣe ọyún, tàbí tí omi tó mọ́ gaara ń jò níbẹ̀ tí orí sì ń fọ́ yín bí ẹ bá ti dìde, ẹ pè wá lójú ẹsẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó fi bí wọ́n ṣe ń tì í bọ ojú ara hàn án kí ìtọ̀ lè jáde. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Morọ́láyọ̀ ti ṣe irú rẹ̀ rí fún àwọn arúgbó. Ó gbà á, ó yíjú sí ògiri.

Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló tẹ̀ lé. Ìrora ẹsẹ̀ tó ti bá a jà láti oṣù mẹ́jọ lọ pátápátá, ọgbẹ́ náà sì jinná. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ kò padà. Ìmọ̀lára kò padà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ibi iṣẹ́ kọ̀wé sí i ní oṣù kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà pé àwọn ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀.

Ní oṣù kẹta, Oyèwálé bi Olúsọjí léèrè ilé Moshood.

"Mi ò mọ ilé rẹ̀," ni Olúsọjí wí. "Mi ò tilẹ̀ rí i rí. Ẹnìkan ló ròyìn rẹ̀ fún mi."

Oyèwálé wá ilé náà kiri títí ó fi rí i. Moshood fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó jókòó nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Nígbà tí Oyèwálé ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, ọkùnrin náà mi orí.

"Ta ló ní ọ̀bẹ ló sọ mí di báyìí? Ọjọ́ mẹ́wàá ni mi ò fi rí ìtọ̀ tọ̀ dáadáa, mò ń fi róòbù pa ẹ̀yìn nílé. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti lọ kí wọ́n tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìyàwó tiyín ńkọ́? Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Moshood wí.

Oyèwálé délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lórí ìdúró. Morọ́láyọ̀ gbọ́ ọ tán, kò pariwo.

"Mo sọ fún yín lọ́jọ́bọ̀," ó ní. "Dókítà sì ti kìlọ̀ fún èmi náà, èmi ni mo dìde lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta fún mi. Àkókò rọ́bà mi ti tó."

Nígbà tó pé ọdún kan, Dókítà Whitfield sọ fún wọn pé ohun tí kò bá tíì padà títí di àkókò yẹn, kí wọ́n má fọkàn sí i púpọ̀. Wọ́n ń gbé ilé kan náà, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Níkẹ́ kì í mú ọ̀rẹ́ wálé mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn tó ń dunni kò nílò abẹ, ẹ má jáyà. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ ṣe é, ẹ bi dókítà léèrè ohun tí iṣẹ́ abẹ náà lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe, ewu tó wà níbẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá dúró. Ẹnu dókítà ni kí ẹ ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ojú ara bá kú, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá yí padà, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, ẹ gbéra lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ì báà ti wọnú òru. Àdúrà ṣeé gbà nínú mọ́tò.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ọkọ̀ méjì ló wà níwájú ilé Oyèwálé. Ogún ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fi máa wa ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn.