Wákàtí Méjìlá Ara Páálí

"Ṣé ohun tí ìyàwó mi ti ń sọ sí mi látọjọ́ yìí nìyí?" bàbá béèrè, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Orí àpótí ló jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, eruku pákó kún irùngbọ̀n rẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì tó fi ń la pákó, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu màmá jáde ni kọ̀ǹpútà náà ń kọ síta gàdàgbà gàdàgbà. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé tó bá tún gbé bàtà eléruku wọ yàrá òun, ìta ni yóò sùn. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí bàbá ti gbọ́ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó nu ojú, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé kó má dákẹ́. Àárò rẹ̀ ti sọ mí."

Àìsàn kan ló di bàbá létí. Ẹnu rẹ̀ ò mẹ́hẹ, ó ń sọ̀rọ̀ já gaara, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kì í wọ̀ ọ́ létí mọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní èdè adití, wọ́n bá dá tiwọn sílẹ̀ nínú ilé. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé "ọmọdé", wọ́n á ti àtàǹpàkò bọ ẹnu, nítorí ọmọbìnrin ilé náà mu ìka títí ó fi wọ ilé-ẹ̀kọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ìyá àgbà, wọ́n á fa etí ara wọn, nítorí etí fífà ni ìyá àgbà fi tọ́ gbogbo wọn. Tí wọ́n bá sì fẹ́ dúpẹ́, wọ́n á fi ìkúùkù kan àyà lẹ́ẹ̀mejì, bí káfíńtà ṣe ń kan pákó láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ yè. Ọmọbìnrin náà ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú gbogbo wọn. Agbẹnusọ ni wọ́n ń pè é nílé.

Ṣùgbọ́n Agbẹnusọ ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, ó ti wọ kíláàsì àṣekágbá ní girama. Lọ́jọ́ kan tó ń fi ọwọ́ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú ilé ìtajà kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, wọ́n sì ń sín in jẹ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Láti ìgbà náà, tí òun àti bàbá bá ti jáde, ọwọ́ rẹ̀ á wọ àpò. Nígbà tí àbúrò màmá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé kọ̀ǹpútà náà wá fún wọn, kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn tó tirẹ̀. Ó gbé páálí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ti di àkọ́sórí fún un: bátìrì yìí ń lo wákàtí méjìlá.

Kọ̀ǹpútà náà sì bá wọn lásìkò. Láti ìgbà tí etí bàbá ti di, ẹ̀yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá ń gbà kọjá. Àwọn èèyàn ò mọ bí wọ́n ṣe máa bá a dúnàá dúrà, wọ́n á kúkú gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Ilẹ̀kùn tó yẹ̀ àti àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ló kù tí wọ́n ń gbé wá fún un. Àfi bí ilé ìkàwé àdúgbò ṣe ń wá káfíńtà tó máa ṣe gbogbo àga àti tábìlì yàrá àwọn ọmọdé. Wọ́n pe káfíńtà mẹ́ta, wọ́n ní àwọn á bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ láàárọ̀ Sátidé. Orúkọ bàbá wà níbẹ̀.

"Tí mo bá rí iṣẹ́ yìí ṣe," bàbá wí, "wọ́n á mọ̀ pé etí mi ló kú, ọwọ́ mi ò kú."

Ní ọ̀sán Jímọ̀, màmá bi Agbẹnusọ pé, "Ṣé o ti dán nǹkan yìí wò? Ṣé kò ní kú mọ́ bàbá ẹ lọ́wọ́ lọ́la?"

"Màmá, wákàtí méjìlá ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

Bàbá ka èsì náà lójú kọ̀ǹpútà, ó mi orí. Ó fa pákó kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹni tó ta èyí fún mi wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó fá a. Kò parọ́ fún mi o. Ṣùgbọ́n tí mo bá fá a tán, tó dán, kì í nípọn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n ẹni tó ń tà lọ́tọ̀, ìwọ̀n ẹni tó ń lò lọ́tọ̀. Tí mo bá fi ìwọ̀n ẹni tó ń tà kan tábìlì, tábìlì mi á máa jó."

"Bàbá, pákó kọ́ lèyí," Agbẹnusọ dáhùn, ó dá pákó padà síbi tó wà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ya wá. Olórí wọn ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́fíìmù, torí pé kò sí fíìmù tí kò tíì wò. Gbogbo wọn rọ́ wọ yàrá Agbẹnusọ, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sáàárín bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n wo fíìmù kan tán, tí wọ́n dé ìdajì èkejì, ó rí i pé bátìrì ti dé ìdajì. Ṣájà wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá.

"Ká gbé e lọ sí pálọ̀, ká ti iná bọ̀ ọ́," Agbẹnusọ wí, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Kí la fẹ́ lọ ṣe ní pálọ̀?" Ọlọ́fíìmù béèrè. "Ibí yìí tù wá lára."

Agbẹnusọ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀. Bàbá á sún mọ́ wọn, á fẹ́ mọ ìdí tí ọkùnrin inú fíìmù fi ń sunkún, òun náà á sì ní láti gbé ọwọ́ sókè lójú gbogbo wọn. Ó bá ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ìdajì méjìlá, mẹ́fà. Kí ni wọ́n fẹ́ bá bàbá sọ fún wákàtí mẹ́fà, ṣé wọ́n fẹ́ fi í jọba ni? Kò tilẹ̀ rò ó pé fíìmù kan àbọ̀ péré ló ti jẹ ìdajì yẹn. Ó fara ti ìrọ̀rí, wọ́n sì wo fíìmù náà parí.

Oorun gbé e lọ láàárọ̀ Sátidé. Nígbà tí màmá fi máa jí i, bàbá ti wọ ẹ̀wù funfun tó lọ̀ fúnra rẹ̀, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọkọ ìyàwó. Agbẹnusọ sọ kọ̀ǹpútà sínú báàgì, ó sáré tẹ̀ lé e. Kò rántí ṣájà.

Wọ́n ní kí wọ́n dúró díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ilé ìkàwé. Káfíńtà mìíràn tó wà níbẹ̀ láwàdà lẹ́nu, bàbá sì fẹ́ gbọ́ gbogbo àwàdà rẹ̀, Agbẹnusọ bá ṣí kọ̀ǹpútà. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó ní láti jẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ kanrin kí bàbá tó lè rí i kà. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, etí ẹ̀rọ náà ṣí sílẹ̀, ó ń kọ̀wé láìsinmi. Nọ́ńbà bátìrì ń wálẹ̀ bí omi inú garawa tó ń jò. Ó kù díẹ̀ kíún nígbà tí wọ́n pè wọ́n wọlé.

Èèyàn mẹ́ta ló jókòó dè wọ́n: ọ̀gá ilé ìkàwé, tó jẹ́ obìnrin tó fi awò kan sójú tó tún gbé òmíràn sórí; akọ̀wé owó, tí kò yé wo aago, àti olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wá kàwé níbẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn wọn, gíláàsì ni. Àwọn tó ń kàwé wà lódìkejì, Ọlọ́fíìmù sì wà láàárín wọn.

"Àwọn ọmọ wa kì í jókòó jẹ́ẹ́," olùkọ́ bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n á gun àga, wọ́n á máa fì í síwá sẹ́yìn. Báwo lẹ ṣe máa..."

Ojú kọ̀ǹpútà ṣú dùdù.

"Ṣájà ńkọ́?" akọ̀wé owó béèrè.

"Ó wà nílé, sà."

Wọ́n mú ṣájà ilé ìkàwé wá, ẹnu rẹ̀ ò wọ ihò kọ̀ǹpútà náà. Akọ̀wé owó tún wo aago. "Ẹni tó kàn ti ń dúró," ó wí. "Bóyá ká kúkú jẹ́ kí bàbá máa lọ."

Bàbá ò gbọ́. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan etí, ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe ń béèrè nílé wọn nìyẹn: kí ni wọ́n wí?

Ọwọ́ Agbẹnusọ wà lápò. Ó lè fi ojú júwe ilẹ̀kùn, kí wọ́n máa lọ, kí ìtìjú sì parí síbẹ̀. Ó rí Ọlọ́fíìmù tó na ọrùn lẹ́yìn gíláàsì. Ó tún wo ọrùn ẹ̀wù bàbá tó lọ̀ gbọnrangandan, níbi tí eruku pákó díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́. Àánú bàbá ṣe é débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ti àtàǹpàkò bọ ẹnu.

Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ gun afẹ́fẹ́ bí ẹni ń gun àkàbà, ó fì síwá, ó fì sẹ́yìn. Bó ṣe fẹ́ sọ pé kí bàbá dá olùkọ́ lóhùn kí ó tún yíjú sí ọ̀gá, ó rí i pé wọn ò tíì ní àmì fún ọ̀gá ilé ìkàwé. Ó bá fi ìka ká òbìrìkítí méjì sójú, ó tún ká méjì sórí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan awò orí rẹ̀ tó ti gbàgbé síbẹ̀.

Bàbá náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fa àga kan mọ́ra, ó kúnlẹ̀ títí ó fi ga tó ọmọdé.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga ọmọdé, mo máa ń jẹ́ kó yà sẹ́yìn díẹ̀," ó wí. "Bó ti wù kó fì í tó, kò ní dá a nu. Ẹsẹ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá kanlẹ̀ ló ń wá nǹkan gùn kiri."

Ìbéèrè ń lọ, èsì ń bọ̀. Kò pẹ́ tí akọ̀wé owó náà fi ń ju ọwọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin, kò sì rántí aago mọ́.

"Bàbá," olùkọ́ wí nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Agbẹnusọ sì ń túmọ̀ rẹ̀, "láti ìgbà tí ẹ ti wọlé, ẹ̀rọ lẹ tẹjú mọ́. Ìgbà tó kú ni mo tó rí ojú yín."

Lójú ọ̀nà, Agbẹnusọ dúró, ó fi ọwọ́ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: fíìmù, ṣájà, ìtìjú. Bàbá wò ó títí ó fi parí.

"Ó dùn mí," ó wí. "Ṣùgbọ́n o ò fi mí sílẹ̀ níbẹ̀." Ó kan àyà lẹ́ẹ̀mejì.

Agbẹnusọ ti múra sílẹ̀ fún ìbáwí, ọpẹ́ ló bá pàdé. Kò tíì mọ ohun tó máa ṣe nígbà tí Ọlọ́fíìmù sáré bá wọn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àtàǹpàkò tó o fi sẹ́nu yẹn, kí ló túmọ̀ sí?"

"Ọmọdé."

"Wàá kọ́ mi. Kí bàbá ẹ lè máa bá wa wo fíìmù."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ilé ìkàwé ti pe fóònù màmá. Bàbá ló gba iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Agbẹnusọ wá dán kọ̀ǹpútà wò bí bàbá ṣe ń lò ó gan-an. Ó jẹ́ kí bátìrì kún, ó tan ojú rẹ̀ kó mọ́lẹ̀, ó ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé e síwájú màmá kó máa sọ̀rọ̀. Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ló lò kó tó kú. Kò tíì rẹ màmá. Bóyá àwọn tó kọ méjìlá sí i dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù ni, tí wọ́n pa íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì jẹ́ kó jókòó láìṣe nǹkan kan. Wọn ò ní bàbá adití. Agbẹnusọ gba pẹ́ńsù káfíńtà, ó fa igi lé méjìlá ara páálí náà, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mẹ́ta àti díẹ̀, nílé tiwa." Láti ìgbà náà, ṣájà kì í kúrò nínú báàgì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbọ́kàn lé ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń tà kọ sára páálí lórí ohun tó ṣe pàtàkì sí yín. Ẹ dán an wò fúnra yín, bí ẹ ó ṣe lò ó gan-an. Ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú ẹgbẹ́ gba ohun tí ilé yín fún yín lọ́wọ́ yín, torí ọjọ́ tí ohun gbogbo bá kú lójijì, òun náà ló máa ṣẹ́ kù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwọn àga wá, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ya wọlé, wọ́n jókòó, gbogbo ẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀. Bàbá dúró lódìkejì títì, ó ń wò wọ́n gba ojú fèrèsé. Agbẹnusọ jáde síta níṣojú gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó wá kàwé lọ́jọ́ náà, ó pe àfiyèsí bàbá pẹ̀lú ọwọ́ tó nà sókè, ó sì kan àyà lẹ́ẹ̀mejì.