Ọkùnrin Karùn-ún Inú Ọkọ̀

Ọkùnrin náà na bébà gbàràgàdà kan sókè sí oòrùn, ó dijú kan, ó ń fi ìkejì wò ó láti òkè délẹ̀, íǹkì búlúù sì ti dé ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì. Oòrùn gba inú bébà náà kọjá, ó fi àwọ̀ pupa kùn ún lójú. Báyìí ni Jọmílójú Ikúmápàyí ṣe kọ́kọ́ rí Khàlíl Ọlápọ̀sí, níwájú ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, láago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Iṣẹ́ ló bá wá, àmọ́ ó gbàgbé iṣẹ́ náà fún bí ìṣẹ́jú kan.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ibí?"

"Bàbá mi ló ni ín. Èmi ni mò ń jìyà ẹ̀." Ó sọ bébà náà kalẹ̀. "Ẹ wọlé. Ẹ ṣáà má fara kan nǹkan kan, íǹkì ò tíì gbẹ."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Jọmílójú fi fara ti tábìlì. Búláòsì funfun tó wọ̀ di búlúù lẹ́yìn.

"Mo sọ ọ́!" Khàlíl pariwo, ó mú kẹrosíìnì àti àkísà.

"Kẹrosíìnì? Sára aṣọ mi?"

"Tó bá jẹ́ lọ́fínńdà lẹ bá wá, ẹ ti ṣìnà nìyẹn."

Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ó wá yọ páálí àwo orin àtijọ́ kan nínú báàgì, àwo Ìjì Ọ̀sà. Ó fẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀, nítorí àwo náà máa pé àádọ́ta ọdún, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà sì fẹ́ gbé e jáde lọ́tun. Òun ni akọ̀wé wọn.

Ta ni kò mọ Ìjì Ọ̀sà? Ọmọkùnrin márùn-ún láti etí omi Bàrígà, tí wọ́n gbé gìtá oníná kọ́rùn nígbà tí àwọn òbí wọn ń fẹ́ kí wọ́n gbé àwọ̀n. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń ṣe, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Àwo àkọ́kọ́ yìí gbé wọn dé Gánà, ó gbé wọn dé Lọ́ńdọ̀nù. Títí di òní, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ṣì ń jà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa orin tó dára jù nínú ẹ̀.

Lára páálí náà, ọkùnrin mẹ́rin dúró nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni karùn-ún kò sí níbẹ̀, orí gìtá rẹ̀ nìkan ló yọjú létí páálí. Ẹ wá gbọ́ àlàyé! Àwọn olólùfẹ́ ní ọgbọ́n àrà ni, wọ́n ní ó túmọ̀ sí orin tí à ń gbọ́ tí a kò fojú rí. Àwọn kan tẹ orí gìtá náà sára ṣẹ́ẹ̀tì, àwọn kan tilẹ̀ fín in sí apá.

Ìbídàpọ̀ Ikúmápàyí ló ni gìtá yẹn, òun náà ni bàbá Jọmílójú. Kì í fẹ́ fojú kan páálí náà. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé Bámilóyè, olórí ẹgbẹ́, tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló ní kí wọ́n gé òun dànù. Ọ̀sẹ̀ tí àwo jáde gan-an ni Ìbídàpọ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bámilóyè búra títí pé òun kọ́, Ìbídàpọ̀ kò gbà. Wọ́n ṣe àwo méjì sí i láìsí òun nínú wọn, ẹgbẹ́ sì tú ká. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí Bámilóyè ti kú.

Jọmílójú sọ gbogbo èyí fún Khàlíl díẹ̀díẹ̀, nítorí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Bajulaiye ju bí iṣẹ́ ṣe béèrè lọ. Lóṣù kejì, "ẹ" ti di "o". Lóṣù kẹta, Jọmílójú mú Khàlíl lọ sílé wọn, ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja sì gbé púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ àwọn Ìlàjẹ bíi tiwọn, àti ọbẹ̀ ẹja tútù ka iwájú àlejò.

"Alfa, ṣé wàá lè jẹ ẹ́?" Jọmílójú ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Tí mo bá jẹ ẹ́ tán, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Jẹ ẹ́ tán ná."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bu sí i. Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀, ó sì fi ẹja kún un.

Ibi tí wàhálà ti wá kò sí nílé àwọn Ìlàjẹ. Ọ̀dọ̀ Alhaji Hashim Ọlápọ̀sí, bàbá Khàlíl, ló ti wá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, tí kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí Khàlíl sọ pé òun ti rí ìyàwó. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ orúkọ bàbá ọmọ náà, ó rọra gbé ife tíì kalẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Onígbàgbọ́ ni wọ́n."

"Alhaji, ẹ̀sìn gbà mí láyè. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́, ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ?"

"Mo ní rárá."

Gbogbo ilé gbà pé ẹ̀sìn ni. Jọmílójú náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì dùn ún wọra. Nígbà tí Khàlíl wá dákẹ́ fún odidi ọjọ́ mẹ́fà, tí kò pè, tí kò sì gbé ìpè, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ ti gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu nìyẹn. Ọjọ́ keje, ó kúrò ní ilé-ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Pedro, ó kọrí sí Bajulaiye láti lọ gba páálí rẹ̀ padà.

Khàlíl jókòó sórí bébà tí wọ́n dì kalẹ̀. Ó ti rù.

"Tí o kò bá fẹ́ mi mọ́, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́," Jọmílójú wí.

"Mo fẹ́ ẹ. Ìṣòro mi gan-an nìyẹn." Ó dìde, ó sì tẹ́ bébà ńlá kan tó ti gbó sórí tábìlì. "Mò ń wá páálí tó mọ́ ju tìẹ lọ nínú yàrá ẹ̀yìn. Èyí ni mo rí."

Àwòrán ọkọ̀ ojú omi yẹn ni, èyí tí wọn kò tíì gé. Ọkùnrin márùn-ún ló wà nínú ẹ̀. Bàbá Jọmílójú ló dúró létí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó fi gìtá sí àyà, tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́yín-tẹ́yín. Jọmílójú kò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí láyé.

"Wọn ò yọ bàbá ẹ," Khàlíl wí. "Wọ́n tẹ̀ wọ́n. Nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà ni nǹkan ti bàjẹ́. Ẹni tó gé e fi òdìkejì bébà ti ẹ̀rọ. Omi ọ̀sà tó yẹ kó gé dànù, ló fi sílẹ̀. Èèyàn tó yẹ kó fi sílẹ̀, òun ló gé dànù."

"Ta ló gé e?"

Ní ilé ìtẹ̀wé náà, bébà kan ni wọ́n máa ń fi pamọ́ láìgé nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá gé ìyókù a sì kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ọ̀gá lè mọ ẹni tó máa mú. Khàlíl yí bébà náà padà. Ó wà níbẹ̀ gbàgàdà: Hashim Ọlápọ̀sí.

"Òṣìṣẹ́ lásán ni bàbá mi níbí nígbà náà. Iléyá ku ọ̀la, ó ń kánjú àtilọ bá wọn nílé n'Ísàlẹ̀ Èkó. Nígbà tó máa fi padà dé, wọ́n ti kó páálí lọ. Mo bi í léèrè. Ó ní kí n sun ún."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

"Ìwọ."

Omi bọ́ lójú Jọmílójú, inú sì ń bí i pé ó ń bọ́. Àádọ́ta ọdún! Bàbá rẹ̀ ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣọ̀tá títí ikú fi dé, nítorí ẹni tó ń kánjú lọ jẹ ẹran iléyá. Khàlíl ká bébà náà, ó sì nà án sí i.

"Mi ò ní gbé e," Jọmílójú wí. "Ẹni tó gé e ni kó gbé e lọ. Tí kò bá gbé e lọ, Khàlíl, má wá síbi tí mo wà mọ́."

Ó fi ẹkún jáde. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló sì ń pa á lẹ́kún, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Sọ́ńdè. Àwọn ará ilé Ikúmápàyí ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ń jẹun, nígbà tí Alhaji Hashim yọ lójú ọ̀nà etí omi, bébà kíká lábẹ́ apá, Khàlíl lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fún un ní àga, kò gbà, ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó tẹ́ bébà náà síwájú Ìbídàpọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́.

"Mo ka nínú ìwé ìròyìn pé ẹ ti pínyà. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á lé mi níbi iṣẹ́. Ọdún kan kọjá, mo ní ó ti pẹ́ jù. Mo fẹ́ ya bébà yìí, ọwọ́ mi ò gbé e. Ẹ forí jì mí."

Ìbídàpọ̀ ń fi ìka ka àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ náà. Ó ka ara rẹ̀, ó tún un kà.

"Bámilóyè mọ̀?"

"Rárá. Kò mọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá sẹ́nu ọ̀nà yìí," Ìbídàpọ̀ wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní, Ìbídàpọ̀, èmi kọ́. Mi ò ṣílẹ̀kùn fún un."

Ó wọ yàrá lọ, ó tilẹ̀kùn. Àwọn tó wà níta ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún. Alhaji kò kúrò nílẹ̀. Ìyá Jọmílójú gbé omi fún un, ó gbà á, kò mu ún. Khàlíl wo Jọmílójú, Jọmílójú ń wo ilẹ̀kùn.

Nígbà tó jáde, ó ti dé fìlà. "Alhaji, ẹ dìde. A ń lọ sí Abúlé Òkúta."

Abúlé Òkúta ni opó Bámilóyè ń gbé, Ìyá Wonder. Ó ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé nígbà tí wọ́n dé. Ìbídàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló tẹ́ bébà náà sórí itan rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀, tòun ti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin rẹ̀.

"Ìyàwó wa, òótọ́ ni Bámilóyè sọ. Èmi ni mi ò gbọ́."

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀ nínú àwòrán fún ìgbà pípẹ́. "Ní ọ̀sẹ̀ tó kú," ló wí, "ó ní kí n tún wá bá yín sọ pé òun kọ́. Mo ní mi ò lọ. Ẹ ti bí mi nínú jù." Ó nu ojú. "Ẹ dìde, ẹsẹ̀ yín ò gba ìkúnlẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi ṣa ẹ̀wà."

Wọ́n jókòó, àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Alhaji yọ òkúta kan dànù.

"Ní ti àwọn ọmọ, mo mọ̀ pé mi ò lẹ́nu láti bẹ̀bẹ̀. Mo kàn fi ẹ̀sìn bojú ni. Ojú ló ń tì mí láti bá yín dána."

"Bámilóyè wá sọ òótọ́ fún mi, mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn," Ìbídàpọ̀ wí. "Ẹ̀yin náà ti wá sọ òótọ́ báyìí. Ṣé kí n tún tì í ni?" Ó yíjú sí Khàlíl. "Èèyàn mélòó lo máa tẹ̀ sára páálí tuntun yẹn?"

"Márùn-ún, sà. Àmọ́ àwọn tó fín orí gìtá sápá máa bínú."

"Kí wọ́n máa bínú lọ." Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀. "Jọmílójú, ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n bá a sọ̀rọ̀ ná."

Wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Khàlíl kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

"Ṣé o ṣì ń bínú?"

"Inú ń bí mi sí bàbá ẹ gan-an. Inú ń bí mi sí ìwọ náà, ọjọ́ mẹ́fà tó o fi dákẹ́ yẹn."

"O jàre. Ìgbà wo ló máa tán?"

Jọmílójú bojú wẹ̀yìn, ó wo bàbá rẹ̀ tó tẹrí ba sórí ẹ̀wà opó ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Fún mi láyè títí di àárọ̀ ọ̀la," ló wí.

Aago méje kù díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, fóònù Khàlíl dún.

"Ó ti tán," Jọmílójú wí. "Kó àwọn èèyàn ẹ wá tọrọ mi."