Fóòmù Bàbá Wa ní Sípéènì

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. N kò lá a lójú àlá, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ojú mi ló rí i. Imú mi ló gbọ́ òórùn rẹ̀, òórùn náà ni kò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Nínú ẹbí wa, èmi Sọ̀fíyátù ni wọ́n máa ń bi bí ọ̀rọ̀ bá di ti àtijọ́. Ta ló fọ́ àwo ìyá wa? Ọmọ wo ló kọ́kọ́ rìn? Aṣọ wo ni Bàbá wọ̀ lọ́jọ́ tí a kó dé Ìfọ̀? Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo kàn máa ń wo nǹkan títí yóò fi mọ́ mi lójú ni. Hàkímù, àbúrò mi, máa ń pè mí ní Kọ̀ǹpútà Ìdílé.

Iṣẹ́ sólà ni Hàkímù ń ṣe. Ilé tó kọ́ sí Mówè ni èmi náà ń gbé, nínú yàrá ẹ̀yìn. Fàrídà ni ìyàwó rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, oyún bàjẹ́ lára Fàrídà. Láti ìgbà náà ni kò ti sùn. Á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ojú rẹ̀ wọnú. Ọrùn rẹ̀ gùn bí ọrùn ẹni tí ebi ń pa. Dókítà ní kí ọkọ rẹ̀ mú un kúrò nínú ilé náà fún ìgbà díẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè rí nǹkan mìíràn.

Sípéènì ni Fàrídà mú. Ó rí i lórí fóònù pé bó bá di oṣù kẹrin lọ́hùn-ún, tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí igi sì ń rúwé, òdòdó ọsàn máa ń tàn ní gbogbo òpópónà, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ìlú. Láti ìgbà tí oyún ti bàjẹ́, kò sí òórùn tí kì í kó o nírìíra: ẹja, epo gbígbóná, ọṣẹ ìfọṣọ. Òórùn òdòdó yẹn nìkan ló wù ú.

"Oorun ni mo ń lọ rà ní Sípéènì," ló wí. "Bí mo bá rí i rà, ẹ ò ní gbọ́ ẹjọ́ mi mọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí ẹní ní pálọ̀. Wọ́n ti rí físà gbà. Ilé tí wọ́n máa háyà ló kù. Wọn kò fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, torí Fàrídà fẹ́ máa se oúnjẹ fúnra rẹ̀. Hàkímù ń fi ìka yí àwòrán ilé kan lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo kíṣìnì. Ó mọ́ ju tiyín lọ."

"Ẹni tí kò gbé ìkòkò kaná rí ló ń sọ̀rọ̀ kíṣìnì."

Fàrídà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ ká mú Ẹ̀gbọ́n dání," ló wí. "Bí a bá sọnù, wọ́n á rántí ọ̀nà."

"Wọ́n á kàn máa bi àwọn òyìnbó pé ta ló fọ́ àwo ni," Hàkímù dá a lóhùn.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ó wá yí àwòrán náà, yàrá sì yọ. Fèrèsé gbàgàdà kan wà níbẹ̀, ẹ̀ka igi ọsàn na ọwọ́ sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nísàlẹ̀ fèrèsé náà. Aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀. Igun kan aṣọ náà ká sókè.

"Fà á kó tóbi," mo wí.

Hàkímù fà á.

Fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn. Aṣọ ara rẹ̀ ní òdòdó aláwọ̀ ilẹ̀. Àbùlẹ̀ kan wà ní igun rẹ̀, òwú búlúù ni wọ́n fi rán an. Ojú abẹ́rẹ́ náà tóbi níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń kéré sí i bó ṣe ń lọ. Nísàlẹ̀ àbùlẹ̀ náà ni àbàwọ́n ńlá kan wà. Àárín rẹ̀ pọ́n bí epo tó dì. Etí rẹ̀ dúdú.

Èmi ni mo rán àbùlẹ̀ yẹn.

Bàbá wa ṣàìsàn pẹ́ ní Ìfọ̀ kó tó kú. Apá kan ara rẹ̀ rọ. Orí fóòmù yẹn ló ń gbé tọ̀sán-tòru. Egbò bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń ṣọyún, omi rẹ̀ sì ń wọnú fóòmù. A bu kánfọ̀ sí i. Òórùn náà kò lọ. Ó dà bí ògì tó kan kọjá ààlà, ó dà bíi kánfọ̀, ó sì dà bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀rá. Ó máa ń bá mi wọnú oúnjẹ. Nígbà tí igun fóòmù náà ya, òwú búlúù nìkan ló wà nílé. Bàbá wà lórí rẹ̀ nígbà tí mo ń rán an. Bí mo bá fa òwú, á kérora. Ìdí nìyẹn tí ojú abẹ́rẹ́ náà fi ń kéré sí i.

Ọjọ́ tí a sin ín ni a sun fóòmù náà lẹ́yìnkùlé. Ẹbí wa kì í tọ́jú fóòmù tí ènìyàn kú lé lórí, a kì í sì í fi tọrẹ. Kò jó bí aṣọ ṣe ń jó. Ó yọ́. Ó ń hó. Èéfín rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wa nírun. Mo dúró tì í títí ó fi di òkìtì dúdú kan, mo sì da yanrìn bò ó.

Mo wo Hàkímù. Òun náà ti rí i.

Fàrídà kò mọ Bàbá. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ló wọlé wa. N kò fẹ́ kó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ipò tó wà. Mo ní, "Yàrá yẹn kéré. Ẹ wo òmíràn."

Fàrídà ti fi ọwọ́ bo imú. "Ó tiẹ̀ ń rùn."

"Kí ló ń rùn?"

"Yàrá yẹn. Bí ògì tó kan. Bíi kánfọ̀." Ó gbé itọ́ mì. "Àti bí ẹran."

Ó dìde, ó sáré lọ sí balùwẹ̀. A gbọ́ bó ṣe ń bì.

"Hàkímù," mo rọra wí, "ta ló mú kẹrosíìnì wá lọ́jọ́ yẹn?"

"Èmi ni."

"Ó jóná àbí kò jóná?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó jóná."

"Kí wá ni èyí?"

"Fóòmù pọ̀ láyé."

"Èyí tó ní abẹ́rẹ́ mi lára ńkọ́?"

Ó pa fóònù, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Ilé mìíràn ni wọ́n mú, ní Màlágà, níwájú òkun. Ìlú mìíràn, onílé mìíràn. Mo wo gbogbo àwòrán rẹ̀ títí ojú fi ń ro mí. Ó mọ́. Wọ́n sanwó. Fàrídà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni onílé fi fídíò ránṣẹ́, láti fi bí wọn yóò ṣe ṣílẹ̀kùn hàn wọ́n. Hàkímù pè mí sí ìdí jẹnẹrétọ̀ kí n wá wò ó. Ọwọ́ obìnrin kan ni a rí, a kò rí ojú rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn. Ó kọjá ní kíṣìnì. Ó wọ yàrá. Kò sí aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Òdòdó aláwọ̀ ilẹ̀. Òwú búlúù. Àárín fóòmù náà tẹ̀ wọlé, ó ń dán bí ohun tó tutù, ó sì ń wú padà díẹ̀díẹ̀, bí fóòmù ṣe máa ń ṣe bí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. Ó sì nu ọwọ́ náà mọ́ aṣọ ara rẹ̀.

Itọ́ kún ẹnu mi. Mo tu ú sílẹ̀.

"Ìfọ̀ la máa lọ," ni Hàkímù wí.

Àbẹ̀bí, àbúrò Bàbá, ló ń gbé inú ilé Bàbá títí di òní. Ìyá Ìfọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí nígbà tí a dé. Mo kúnlẹ̀, Hàkímù dọ̀bálẹ̀, a sì kọjá sẹ́yìnkùlé tààrà.

Òkìtì dúdú náà, tí òjò ti fọ yanrìn kúrò lórí rẹ̀, máa ń wà níbẹ̀. Gbogbo Iléyá ni mo ń rí i. Lọ́jọ́ náà, kò sí níbẹ̀. Koríko ibẹ̀ pọ́n, ó sì sùn sílẹ̀, bíi koríko tí nǹkan ti wà lórí rẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó gbé e. Ó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gùn tó ènìyàn. Kòkòrò funfun tíntìntín ń jà pìtìpìtì nínú rẹ̀. Hàkímù gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀, ilẹ̀ fà mọ́ bàtà rẹ̀.

"Ìyá, ta ló gbé e?" ló kígbe.

"Gbé kí ni?"

"Òkìtì fóòmù Bàbá."

"Ta ló fẹ́ gbé eérú? Sọ̀fíyátù, kí lẹ fún ọmọ yìí mu ní Mówè?" Ó rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà kú. "Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ràn fóòmù yẹn náà. Ó ní wọn ò jẹ́ kí òun nìkan sùn lórí ẹ̀. Á ní ká ti fèrèsé, òdòdó ọsàn fẹ́ mú òun bì."

"Kò sí igi ọsàn níbí, Ìyá," mo wí.

"Ìgbà wo ló wà? Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn. Símẹ́ǹtì là ń fà símú."

"Ta ló ń bá a sùn lórí ẹ̀?" Hàkímù bi í.

Ìyá Ìfọ̀ wò mí. "Bi ẹ̀gbọ́n ẹ. Òun ló ń rántí."

Mo rántí. Bàbá ní ọ̀dọ́mọbìnrin kan máa ń wá jókòó sí etí fóòmù òun. Ó ní kò rí oorun sùn. Ó ní aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ ti já, píìnì ló fi dè é. Á gbá mi lọ́wọ́ mú. "Ẹ ní kó dìde o. Ó ti fẹ́ dùbúlẹ̀." A rò pé ibà ni. A fi aṣọ tútù lé e níwájú orí.

Mo sọ ọ́ fún Hàkímù níbẹ̀, lórí ìdúró. Nígbà tí mo dé ibi píìnì, ó fi ọwọ́ bojú. Irú aṣọ yẹn gan-an, píìnì lọ́rùn, ni Fàrídà ń wọ̀ sùn; Hàkímù ló rà á fún un.

"Ẹnì kankan ò lọ mọ́," ló wí.

Ó sọ fún Fàrídà pé ìwé ìrìnnà ní ìṣòro. Fàrídà kò sunkún. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo èmi náà.

"Ẹ̀yin méjèèjì ń fi nǹkan pamọ́. Ó dáa. Èmi tí mi ò sùn láti ìgbà ọyẹ́, ẹ wá gba ibi tí mo fẹ́ sùn lọ́wọ́ mi." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bí mi ò bá sùn, màá kú. Ẹ̀yin náà sì mọ̀."

Mo mọ̀.

Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n wọkọ̀ òfuurufú pé. Hàkímù ti lọ gbé sólà sórí ilé kan ní Mágbọ̀rọ̀. Fàrídà kò jáde láàárọ̀. Mo kírun ọ̀sán tán, kò jáde. Mo kan ilẹ̀kùn. Kò dáhùn. Mo wọlé.

Ó ń sùn. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, itọ́ ti ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Aṣọ àwọ̀ ewé náà ló wọ̀. Ó ń mí sókè, ó ń mí sílẹ̀, bí ọmọ ọwọ́. Mo ní alhamdulilah. Omijé bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn náà ni òórùn náà dé imú mi. Òdòdó ni. Ó dùn, ó dùn jù, bí ẹni fi ṣúgà bo ohun tó ti rà. Mo wo fèrèsé. Títì ló wà.

Fàrídà lajú. "Ẹ̀gbọ́n, mo sùn!" Ó rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ń dán. "Mi ò mọ̀ pé fóòmù yìí rọ̀ tó báyìí. Ẹ jẹ́ kí n da omi sára, ebi ń pa mí."

Ó wọ balùwẹ̀. Mo gbọ́ tó ń kọrin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un. Mo gbé igun aṣọ sókè láti tún un kì bọ abẹ́ fóòmù.

Òwú búlúù.

Mo fi ìka tọ́ ojú abẹ́rẹ́ náà. Ó tóbi, ó kéré, ó tún kéré sí i. Ibi tí Fàrídà sùn sí tẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níhà ògiri, tẹ̀ jù ú lọ. Ó tutù. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ń wú padà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

Kẹrosíìnì wà ní kíṣìnì. Mo mọ ibi tó wà.

"Ẹ̀gbọ́n," Fàrídà pè mí láti inú balùwẹ̀, "ẹ má ká aṣọ yẹn o. Bí mo bá jẹun tán, màá padà sùn."

Orin rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Mo dúró. Mo wá da igun aṣọ náà bò ó, mo ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù dáadáa, bí mo ṣe máa ń ṣe fún Bàbá. Mo lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi. Mo fi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Mo fi eérú fọ̀ ọ́. Ó ṣì wà lábẹ́ èékánná mi.

Fàrídà jẹun, ó tún tọrọ sí i. Ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi wà lára rẹ̀.

Mo gbọ́ nígbà tó dùbúlẹ̀. Fóòmù náà mí kanlẹ̀.

Ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà, níhà ògiri, ó tún mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.