Ìyá Inú Àgbá

Àárín ebè ẹ̀fọ́ ni wọ́n ti bá òkú Bàbá láàárọ̀. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó ń sinmi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun, ètè rẹ̀ náà funfun. Nọ́ọ̀sì ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá Àgbà, opó rẹ̀, ní irọ́ ni.

"Ọkọ mi tó bá mi ṣàwàdà lálẹ́ àná? Ọkàn ò ṣàdédé dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí àdúgbò ń pè ní Olókùúta, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú òkúta ló ń wọ́n sí ebè rẹ̀ dípò ajílẹ̀ inú àpò. Bàbá fúnra rẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí: "Òkúta lo fi ń bọ́ ẹ̀fọ́? Ìgbà wo lẹ̀fọ́ hu eyín?"

Lẹ́yìn ìsìnkú, ara ilé ò balẹ̀ mọ́. Tí ilẹ̀kùn bá dún, Ìyá Àgbà á ta gìrì. Ẹ̀fọ́ Aránṣọ, àbúrò ọkọ Olókùúta, ń pọ́n, ó ń rọ. Ti Olókùúta ń tutù yọ̀yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lékeléke á fò kọjá ti Aránṣọ, wọn á sọ̀ sórí ti ìyàwó, wọn á máa rìn káàkiri bí àlejò tí wọ́n fìwé pè.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo fetí ara mi gbọ́ ọ," Aránṣọ sọ fún ọkọ Olókùúta, tó jẹ́ awakọ̀. "Ìdájí ọjọ́ tí Bàbá kú, mo wà nídìí maṣíìnì, ìyàwó yín ń gba ẹ̀yìn ògiri kọjá. Ó ní, 'Ẹ jẹ́ n tètè lọ bọ ìyá.' Ìyá wo lèèyàn ń bọ ní ìdájí?"

"Àǹtí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀…" ni Olókùúta wí.

"Má pè mí! Àwọn ẹyẹ ẹ ni kó o máa pè, ṣebí àwọn ló ń dá ẹ lóhùn."

Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. "Tó bá di Sátidé, kó kẹ́rù ẹ̀. Ọmọ ò ní bá a lọ. Ọmọ wa ni."

Ọmọ náà ṣì ń mu ọyàn. Awakọ̀ họ orí títí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe Aríran," ló rí sọ.

Arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni Aríran. Wọ́n ní etí rẹ̀ ló jogún ojú. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n mú un lọ sí abà ẹ̀yìn ebè.

"Aránṣọ, kí lo gbọ́?"

"Bọ ìyá."

"Ìyàwó, sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́."

Olókùúta tún un sọ. "Bọ́ ìyá."

Aríran dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ohùn méjì nìyẹn. Ọ̀kan ń kúnlẹ̀, ọ̀kan mú ṣíbí dání. Ìyá wo lò ń bọ́?"

Olókùúta ṣí àgbá kan. Òórùn kíkan bí ìwúkàrà sọ jáde.

"Òun rèé. Erùpẹ̀ igbó àti omi ṣúgà dúdú la fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí tójú ò lè rí ló kún inú ẹ̀. Inú ẹ̀ la ti ń bù sí àgbá mìíràn, ìyẹn la ṣe ń pè é níyàá. Ẹ̀fọ́ ò léyín lóòótọ́. Ìyá ló ń bá a rún òkúta. Ilẹ̀ rọ̀, ekòló pọ̀, lékeléke tẹ̀ lé ekòló."

"Tèmi tó ń kú ńkọ́?" Aránṣọ bi í.

"Ìgbẹ́ adìyẹ tútù lo dà sí i," Aríran dáhùn. "Imú mi ti gbọ́ ọ lọ́nà. Tútù là ń pè é, iná ni. Ìyàwó, ta ló tún ń bá ẹ bọ́ ìyá?"

"Nígbà mìíràn, mo máa ń bá a pé ó ti jẹun, òkúta á ti wà lórí ebè. Mo rò pé ọkọ mi ni."

"Èmi kọ́ o," ni awakọ̀ wí.

Ìyá Àgbà jókòó gbì sílẹ̀. "Láràárọ̀ ni ọkọ mi ń sọ fún mi pé òun ń lọ wo ìyá. Mo rò pé sàréè ìyá ẹ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́. "Ọkùnrin yìí! Lẹ́yìn gbogbo yẹ̀yẹ́ yẹn! Àṣé lẹ́búlẹ́bú òkúta ló mú kí ọwọ́ àti ètè ẹ̀ funfun."

Ó wo inú àgbá. Ojú omi náà pa rọ́rọ́.

"Ìgbà wo ni ìyá yìí jẹun kẹ́yìn?"

"Ṣáájú kẹ́ ẹ tó tì mí mọ́lé, Mà."

Ìyá Àgbà dìde, ó bu omi ṣúgà dúdú, ó dà á sí i. Kò sóhun tó mì. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wò ó, títí kan Aránṣọ. Wọ́n dúró títí oorun fi gbé ọmọ lọ.

"Ẹ dákẹ́," ni Aríran wí. "Ó ti dún."

Ìfófò kékeré kan yọ sókè.

Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí ọmọ. Olókùúta dì í mú gírígírí.

"Gbé e wá, kọ́wọ́ ẹ ráyè," ni Ìyá Àgbà wí. "Bu òmíràn fún un. Ìyá ò tíì yó."